Wọ́n Ní Kegare Ń Bẹ Lára Mi

Ẹ̀gbọ́n Kanamori, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ètò yìí lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ abúlé wa. Apẹja ni wá.

Òkun gbé ọkọ mi lọ lọ́dún yìí. Nígbà tí ọdún òrìṣà súnmọ́, mo rẹ ìrẹsì tí mo máa ń gún fáwọn tó ń gbé òrìṣà kiri ìlú. Ni Ọ̀gbẹ́ni Ogino, olórí ọdún, bá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹ má bínú. Kegare ṣì ń bẹ lára yín. Ẹ jókòó sílé lọ́dún yìí."

Èérí tí ọṣẹ kò lè wẹ̀ kúrò là ń pè bẹ́ẹ̀ ní Japan níbí: ti òkú, ti ẹ̀jẹ̀, ti ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn láti inú ilé: "Ogino, ta ló gbé òkú ọmọ mi jáde nínú omi? Ṣebí ìwọ ni. Ìwọ náà lọ jókòó sílé."

"Mo ti fi iyọ̀ wẹ tèmi nù, Màmá."

"Iyọ̀ wà nílé tiwa náà. Àwọn àgbà tó kọ́ mi ní 'ke' ni agbára tá a fi ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, 'kare' ni kí nǹkan gbẹ; wọ́n so wọ́n pọ̀, ó di kegare. Ẹni tí agbára rẹ̀ gbẹ, ṣé ìlẹ̀kùn lèèyàn ń tì mọ́ ọn?"

A se ìrẹsì náà, a sì gún un bí iyán níwájú ilé wa. Àwọn tó gbé òrìṣà dúró, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ogino nìkan ló gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ará abúlé ti wá ní kí n lọ bẹ Ogino báyìí. N kò lọ.

Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́ yín: ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ti ọkọ tó kú ni, àbí ti ìrẹsì tí wọ́n jẹ tán?

Èmi ni, opó etí òkun.