Má Yà Kúrò Lọ́nà Mọ́

Àkọ́bí mi, Afẹsẹ̀-jẹun,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orúnkún rẹ méjèèjì kò dùn ọ́? Bí o bá béèrè tiwa, a wà, a dúpẹ́. Ojú mi ṣì ń rí ojú abẹ́rẹ́, ẹnu mi náà kò tíì kú, mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ lè jẹ́rìí sí i. Àdúrà mi fún ọ láàárọ̀ yìí ni pé ẹni tó bá ń lé ọ kò ní bá ọ, ẹni tí ìwọ bá ń lé kò ní lọ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Lẹ́tà rẹ dé, fọ́ọ̀mù eré ìje tó ń bọ̀ tí o fi sínú rẹ̀ náà dé. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé ta ni kí àwọn pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọ lójú ọ̀nà, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù, mi ò buwọ́ lù ú. Èmi kì í buwọ́ lu aburú. Bàtà tí o sì ní ó máa ń gbó láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹni tó ń tà á fún ọ ń rẹ́ ọ jẹ ni. Gbé e wá fún ẹni tó ń bá wa tún bàtà ṣe, kó fi táyà sí i nídìí, ọmọ rẹ á jogún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré ìje tí o sá kẹ́yìn yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé. Tíṣà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, gbogbo wa sì yí i ká, àfi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó jókòó sórí àga oníbàárà bí adájọ́. A rí ọ. Ìwọ lo wà níwájú gbogbo wọn. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú bí mi sí dẹ́rẹ́bà mọ́tò tó ń lọ níwájú rẹ, èyí tí wọ́n gbé aago ńlá lé lórí. Àyè wà lẹ́yìn mọ́tò náà, ó ń wò ọ́ bí o ti ń sáré tẹ̀lé e nínú òógùn, kò dúró gbé ọ. Tíṣà ní iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo ní iṣẹ́ ìkà ni. Mo tún rí i tí o gba omi lọ́wọ́ àwọn èèyàn lẹ́bàá ọ̀nà, o mu díẹ̀, o sọ ife nù, o ò dúpẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní ṣòkòtò tí o wọ̀ ti kéré jù. Mo sún mọ́ fóònù, mo wo ojú rírán rẹ̀ dáadáa, mo sọ fún un pé èmi ni aránṣọ níhìn-ín, ṣòkòtò náà pé, ẹni tó rán an mọ iṣẹ́, ẹni tó ń lọ jìnnà kì í ru ẹrù aṣọ.

Àfi bó ṣe di kìlómítà ọgbọ̀n, tí méjìlá ṣì kù, tí o ṣàdédé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, o fọwọ́ lé ìbàdí, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ sì ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ dìde, ó ní òun ti sọ ọ́, pé obìnrin kì í sá irú eré bẹ́ẹ̀ dópin, kí n kọ̀wé sí ọ kí o máa bọ̀ nílé kí oṣù tó parí, òun ti bá ọ wá iṣẹ́ akọ̀wé sí ọ́fíìsì kan, níbi tí wàá ti jókòó. Mo ní kí tíṣà tún fóònù ṣí, bóyá lọ́tẹ̀ yìí wàá kọjá. O tún sáré láti ìbẹ̀rẹ̀, o tún yà níbi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú ọ sá a lọ́jọ́ yẹn, mò ń pariwo sínú fóònù pé má yà, o sì ń yà. Ìgbà tí mo rí òógùn ojú rẹ lẹ́ẹ̀kẹta ni àánú rẹ ṣe mí, mo ní kí tíṣà pa á kí o lè sinmi. Dákun, má bínú sí mi.

Lẹ́tà rẹ ló wá là mí lójú pé kò rẹ̀ ọ́ rárá, pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún nìyẹn, kí o máa sá ṣíwájú kí àwọn olókìkí lè mọ bí eré yóò ti yá tó, kí o sì yà fún wọn kí wọ́n lọ gba ife ẹ̀yẹ. O ní owó rẹ̀ dára. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í rán ẹ̀wù dé ọrùn kí n wá gbé e fún aránṣọ mìíràn pé kó fi bọ́tìnnì sí i, kó sì máa gba ìyìn. Ohun tó dùn mí jù ni ìlà kan nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, tí o kọ wẹ́wẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i. O ní kóòṣì rẹ sọ pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé àwọn tó ń díje, pé bí o bá fẹ́, o lè máà yà lọ́jọ́ eré tó ń bọ̀, kí o sá a dópin. O ní o ò tíì mọ ohun tí wàá ṣe, pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí agbára má lọ tán lójú gbogbo ayé.

Jẹ́ kó tán. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí wọ́n ní kí n ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rù ba èmi náà, mo sì jókòó tì í. Bí o bá ṣubú ní kìlómítà mọ́kànlélógójì, dìde, kí o fẹsẹ̀ rìn ín. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bí o bá sì gbé ìkẹyìn, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Mo ti ní kó lọ gba iṣẹ́ ọ́fíìsì náà, nítorí òun ló mọ àga jókòó jù nínú ẹbí yìí. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ara sì tù mí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi ti já, okùn ni mo fi so ó, òróró rẹ̀ náà ti tán. Ṣùgbọ́n má fi owó tí wọ́n ń san fún ọ pé kí o yà ránṣẹ́ sí mi mọ́. Owó ẹni tó dé òpin ni mo fẹ́, bí kò tilẹ̀ ju èyí tó lè ra òróró lọ. Okùn yìí á gbé mi dé ìgbà náà.

Ọlọ́run á fún ọ ní èémí. Ọ̀nà tí o bá bẹ̀rẹ̀, ìwọ ni wàá parí rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní bá ọ parí rẹ̀. Tíṣà ti ṣèlérí pé òun á gbé fóònù wá lọ́jọ́ eré náà. Mi ò ní mú ọ sá a lẹ́ẹ̀mẹta mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ọmọ mi. Sá a dópin lẹ́ẹ̀kan péré, màá sì ní kó pa á kí o lè sinmi.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.