Apá Ibi Tí Màmá Wò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìbà

Mo purọ́ lónìí ní Òkòkòmáikò, lójú gbogbo èèyàn.

Jímọ̀ tá a jọ ń gbé ló fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbá màmá tó ń ta ẹyin sísè. Mo ń gun tèmi bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ká lè tètè dé Àlàbá, a gba apá títì tí kì í ṣe tiwa, a dojú kọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀. Màmá wo ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì bọ́ sí títì. Apá kejì la ti yọ sí wọn. Kíá ni ọwọ́ ọ̀tún wọn wú.

Jímọ̀ tún ń pariwo: "Màmá, ṣé ẹ ò lójú ni?"

Àwọn èèyàn bi mí: "Ìwọ tó wà lẹ́yìn, kí lo rí?"

Mo ní, "Màmá ni wọ́n sáré bọ́ síwájú ẹ̀."

Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Lábúlé wa, téèyàn bá pàdé àgbàlagbà, ńṣe ló máa sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, á kí wọn, á ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?

Jímọ̀ ló gbà mí sílé nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ màmá yẹn...

Jímọ̀ ń fọ kẹ̀kẹ́ níta, ó ń pè mí: "Ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé, wá jẹ ẹ̀bà!"

Mo ń jáde lọ bá a. Òun ni màá kọ́kọ́ sọ fún pé lọ́la, ní Òkòkòmáikò níbẹ̀ náà, màá sọ ohun tí mo rí. Tó bá ní kí n kó ẹrù mi, ẹrù mi ò pọ̀.