Eruku Tí Mo Ní Kí Bísí Gbá

Ọjọ́ Ẹtì, Sùúrùlérè

Ojú ń tì mí. Nígbà tí Bísí, ìyàwó ọmọ mi, ní ilẹ̀ gbígbá ń dí òun láyà, èmi tíṣà àgbà na ìka sókè bí ẹni tó wà níwájú pátákó: "Eruku kì í pa ọmọ tó gbẹ̀kọ́."

Láàárọ̀ yìí mo bá a ní bálùwẹ̀, àyà rẹ̀ ń súfèé, ó ń fi ínhélà, ike oògùn tí wọ́n ń fín sẹ́nu, pamọ́ sábẹ́ ìró.

"Àsímà ni, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn àǹtí ọkọ mi gbọ́ pé aláìsàn lẹ fẹ́ sílé."

Mo ní kó fín in. Bí èémí rẹ̀ ṣe padà ló kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Pálọ̀ nìkan ló kù."

Mo gba ìgbálẹ̀, mo fi aṣọ tútù nu pálọ̀ fúnra mi. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ fún ni?