Lẹ́tà Tíṣà Tí Òkè Òkun Ń Retí

Kàwé-má-sùn ọmọ mi,

Kí n tó kí ẹ rárá, jẹ́ kó dé etígbọ̀ọ́ rẹ pé èmi àti ọ̀gá àgbà iléewé òkè òkun tí o fẹ́ wọ̀ ti di kòríkòsùn. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀ láàárín wa. Tí o bá débẹ̀, ṣáà sọ pé ọmọ télọ̀ ni ẹ́, kí o wá wo bí wọ́n ṣe máa sáré gbé àga fún ẹ.

Ó dáa, mo ti bù mọ́ ọn. Jẹ́ kí n kí ẹ ná. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun? Ṣé wọ́n ṣì ń kí èèyàn ní ìlú ńlá yẹn, àbí ojú fóònù nìkan ni wọ́n ń wò? Ọlọ́run á ṣílẹ̀kùn fún ẹ, á sì jẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ní fọ́ọ̀mù lẹ́nu. Ìyá rẹ wà dáadáa, ó ní kí o máa jẹun, ó ní kí n má kọ ìsọkúsọ sí ẹ, mo sì ti ṣèlérí fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn ṣe jẹ́ nìyí. O rántí pé èèyàn mẹ́ta ni iléewé náà ní kó jẹ́rìí sí ẹ. Méjì nínú àwọn olùkọ́ rẹ ńláńlá ti fi ẹ̀rọ jẹ́rìí tiwọn, ó wá ku Tíṣà Àgbà tó kọ́ ẹ ní lítíréṣọ̀ nígbà tí o ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Tíṣà ti búra pé ìka òun ò ní kan fóònù títí òun á fi kú, ni iléewé bá ní kó fọwọ́ kọ ọ́, kó fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, ìwọ náà wá fi nọ́ńbà fóònù tèmi síbẹ̀ kí wọ́n lè máa fọ̀rọ̀ tó mi létí. Ni iṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù mi lọ́jọ́ kan. Ìyá oníkáàdì tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló kà á fún mi, torí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ojú fóònù kì í hàn sí mi. Wọ́n ní Ẹni Ọ̀wọ́n, a kò tíì rí lẹ́tà ìjẹ́rìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fèsì sí iṣẹ́ yìí.

Ìyá oníkáàdì ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kì í ṣe èèyàn. Mo ní ẹ̀rọ ni o, èèyàn ni o, ẹni tó bá pè mí ní ẹni ọ̀wọ́n, ṣé mo wá lè dákẹ́ lé e lórí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? Mo bá ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́ pé a dúpẹ́ o, ṣé ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù ibẹ̀ ò le jù? Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, èsì ti dé. Wọ́n ní a dúpẹ́ fún ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fèsì. Ìyá oníkáàdì ní ṣé mo rí i báyìí pé ẹ̀rọ ni. Mo ní ohun tí mo rí ni pé ọ̀gá náà ń tijú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kí i báyìí, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ kó má dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ lọ kọ́ yìí náà, mo ti ń bá àwọn oníbàárà mi sọ ọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni ọmọ mi fẹ́ kà. Mo ní lítíréṣọ̀ àfiwé ni, wọ́n máa ń gbé ìwé ilẹ̀ kan ti ìwé ilẹ̀ mìíràn láti fi wọ́n wé ara wọn. Káfíńtà tó fẹ́ gba ṣòkòtò bi mí pé kí ni àwọn ìwé náà ń jà lé lórí. Mi ò mọ̀, mo ní wọn ò tíì sọ fún wa. Àbúrò ìyá rẹ wá ní kí ló dé tí o ò sọ fún òun, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń jókòó síta yìí, kò sẹ́ni tó kọjá tí òun ò tíì fi wé ẹlòmíì, ọ̀fẹ́ sì ni. Òtítọ́ ló sọ. Èmi náà ti ń fi aṣọ wé ara èèyàn fún ogójì ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Èyí tó tún dùn mọ́ mi ni ibi tí fọ́ọ̀mù ti bi Tíṣà pé nínú gbogbo ọmọ tó ti kọ́, ipò kelòó lo wà. O ò tíì wọlé o, wọ́n ti fi ẹ́ wé.

Wọ́n tún ní kí o mọ èdè mẹ́ta, pé tí o bá lè ka ìkẹta láì lè sọ ọ́, ó tó. Mo ronú sí i títí. Ìyẹn ni pé èèyàn lè gbọ́ èdè kó sì ya odi nínú rẹ̀, kí wọ́n tún fún un ní máàkì.

Àlàyé ara rẹ tí o kọ sí wọn, tí o ní kí n gbọ́, mo gbọ́ ọ. O ní inú ilé tí ìtàn ti ń ṣàn lo ti dàgbà, pé baba rẹ jẹ́ àpótí ọgbọ́n àtẹnudẹ́nu. Ọmọ mi, púpọ̀ nínú àwọn ìtàn yẹn, ìyá rẹ ni mò ń sọ ọ́ fún, nígbà tó bá bi mí pé níbo ni mo wà láti àárọ̀. Ìwọ kàn wà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n má yọ ọ́ kúrò, ó dùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọjọ́ Àìkú tí o pè. O ní ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke, pé tí lẹ́tà Tíṣà ò bá dé, wọn ò ní ṣí fáìlì rẹ rárá, àwọn tó fẹ́ san owó iléewé fún ẹ á sì gbé owó náà fún ẹlòmíì. Mo ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fà á, pé akọ̀wé ibẹ̀ ń fi àpò lẹ́tà ṣe ìrọ̀rí. Mo bú u dáadáa, o sì bá mi bú u.

Wàyí o, fọkàn balẹ̀. Tíṣà ti kọ òmíràn. Ìyá oníkáàdì ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ó bẹ iléewé náà kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i, ó pé, fáìlì rẹ ti ṣí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n má fèsì.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí káàdì tí mo ti jó sórí ọ̀rẹ́ mi yìí kò kéré, tí o bá sì wọlé tán, kí o gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tó ń ka fáìlì rẹ jí ire lọ́jọ́ náà. Á jẹ́ kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ gbà ọ́ mọ́ra. O ò ní ṣàìsàn níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ẹ́. Àmín.

Èmi ni baba rẹ, télọ̀.

Mo ti pa ìwé yìí dé lẹ́ẹ̀kan, mo tún ṣí i. Ìyá rẹ ní tí n kò bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí Tíṣà gbé lẹ́tà náà fún mi kí n lọ fi ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ni mo gbé e lọ. Mo fi aṣọ tútù bò ó, mo rọra gbé áyọ́ọ̀nù gba orí rẹ̀, gọ́ọ̀mù àpòòwé náà sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Mo kà á. Tíṣà kọ ọ́ pé láti ọdún tí òun ti ń kọ́ ọmọ, òun ò rí irú rẹ rí, pé iléewé tó bá gbà ọ́ kò ní fẹ́ kí o padà sílé. Mo rán an sínú láìnì, ìyẹn aṣọ abẹ́nú kóòtù mi. Nígbà tí ìyá rẹ fẹ́ fọ kóòtù, ó gbọ́ tó ń dún. Kò bá mi jà. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí abọ́ oúnjẹ mi, lẹ́tà yẹn nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo lọ jẹ́wọ́ fún Tíṣà. Ó gba awò ojú mi, ó jókòó sídìí máṣíìnì mi, ó ní kí n bọ́ síta, kí n dúró síbẹ̀ títí òun á fi kọ òmíràn tán, mo sì dúró.

Lẹ́tà náà kò sọnù. Èmi ni mo fi í pamọ́, nítorí mo rí i pé tí wọ́n bá kà á, wọ́n máa mú ẹ, wàá sì lọ.