Lọ́yà Àpòmù Tó Ń Kọ́ Ọmọ Mi Lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ kú àárò wa. Ṣé orúnkún ọ̀hún ti ń jẹ́ kí ẹ kírun lórí ìdúró? Mo kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń din dòdò lẹ́bàá títì Ìkirè, mo kí àwọn ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Kí ẹni tó ń bá yín ka lẹ́tà yìí rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo gbé lẹ́tà náà síta kí gbogbo èèyàn lè kà á, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ni ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ nípa òfin.

Òjò ti gba Àbíjàn níbí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń din ń tà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, àwọn oníbàárà á sá, epo á máa gbóná lásán, gáàsì á sì máa jó owó mi. Wọn ò mọ dòdò Ìkirè. Bí mo bá din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù bíi tilé, wọ́n á ní mo fẹ́ ta ìdọ̀tí fáwọn. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ká jọ rẹ́rìn-ín, nítorí Faransé tèmi kò ju iye owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Bó bá di alẹ́, ohùn Síkírátù ọmọ mi lórí fóònù ni mo fi ń jẹun.

Òun gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ mọ̀ pé láti kékeré ló ti ń sọ pé adájọ́ lòun máa jẹ, ìdí rẹ̀ tí mo fi wà lẹ́nu iná nìyẹn. Ní ìsinmi tó lò lọ́dọ̀ yín, ó ní lọ́yà obìnrin kan l'Ápòmù gba òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tòun mọ́ra, tó ń tọ́ wọn sọ́nà nínú iṣẹ́ náà. Ó ń mú wọn lọ sí kóòtù. Ó ń jẹ́ kí wọ́n bá lọ́yà tó wà ní báǹkì sọ̀rọ̀, àti èyí tó ń kọ ìwé ilẹ̀, àti èyí tó ń gba ẹjọ́ àwọn mẹ̀kúnnù rò. Mo bi í pé èló ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Àtìgbà náà ni ara ti fu mí.

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá fi ta èèyàn lọ́rẹ, kéèyàn yí i wò nídìí. Nígbà tí ẹ fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ̀yin àti bàbá wa lẹ jọ lọ, ẹ mú ẹlẹ́rìí dání. Ẹ sọ fún ọ̀gá mi pé ẹran ni tiwọn, eegun ni tiyín, wọ́n sì dá ọjọ́ tí mo máa gba fírídọ̀ọ̀mù níṣojú gbogbo wa. Ti Síkírátù yìí, ta ló fà á lé lọ́yà lọ́wọ́? Ọjọ́ wo ló máa gba òmìnira? Ọmọ tí wọn ò dá ọjọ́ fún, wọ́n lè lò ó di arúgbó. Àfi bó ṣe tún pè mí pé lọ́yà ní kóun má tíì so ara òun mọ́ adájọ́ ṣíṣe, pé ọ̀nà pọ̀ nínú òfin, kóun wò ó dáadáa kóun tó mú ọ̀kan. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Èmi ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ nítorí adájọ́, ẹnì kan jókòó l'Ápòmù, ó ń gba adájọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ni mo bá rán Làsísì àbúrò mi, tó wà lóko kòkó bàbá wa ní Ìkòyí lẹ́bàá Àpòmù níbẹ̀. Ẹ má bínú pé n ò sọ fún yín. Mo ní kó ṣe bí ẹni tó ní ẹjọ́ ilẹ̀, kó lọ wò ó bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń fi ọmọ mi ṣe. Ó lọ. Ó ní Síkírátù kúnlẹ̀ kí òun, ó sọ fún lọ́yà pé àbúrò ìyá òun nìyí, ó sì béèrè bóyá kóun bọ́ síta. Làsísì ní kó jókòó. Ó ní nígbà tóun rojọ́ tán, ọmọ yìí ni lọ́yà kọ́kọ́ bi pé kí ló rò sí i, kí lọ́yà tó sọ tiẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, èèyàn gidi ni lọ́yà náà.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo pe Síkírátù, mo díbọ́n, mo ní kí ni Làsísì wá ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tó jẹ́ pé bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ yín, kó tó fọwọ́ ló ti pè mí! Ó wá ní kí n má bínú, pé ohun téèyàn bá bá àwọn sọ nínú ọ́fíìsì yẹn, òun ò lè gbé e jáde. Mo ní, èmi ìyá rẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo ní, èmi tí mo ń sanwó iléèwé? Ó ní kí n bi Bọ̀ọ̀dá Làsísì fúnra wọn. Mo bú u, mo pa fóònù.

Mo ní lọ́yà ti kọ́ ọmọ mi ní ìpamọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bi ara mi pé bí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn èmi gan-an, ṣé lọ́yà tí ìyá rẹ̀ lè fi ìbínú fa ọ̀rọ̀ mi yọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo máa gbé e fún? Iṣẹ́ ọ̀hún ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Ibẹ̀ ni ìfura mi ti yà sọ́nà mìíràn. Irọ́ ni mo ní kí Làsísì lọ pa. Bó bá jẹ́ irọ́ nìkan ló pa níbẹ̀, kí ló dé tí ọmọ fi ń ṣọ́ ọ bí ẹyin? Mo pe Làsísì, mo ní ẹjọ́ ilẹ̀ wo ló rò. Ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Mo tún un pè, ó ní òun wà lórí igi kòkó. Ìyá mi, láti ìgbà wo ni Làsísì ti ń gun kòkó?

Síkírátù lè máa lọ o. Bó bá yan adájọ́, bó bá yan ìwé ilẹ̀, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi di dòdò tó dáa, ẹ mú ẹlẹ́rìí, ẹ lọ fà á lé lọ́yà lọ́wọ́ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì béèrè ọjọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà ní Ìkòyí, ẹ wo ilẹ̀ kòkó bàbá wa, bóyá ẹnì kan ti ri òpó ààlà mọ́ ọn bí ilẹ̀ tó rà. Ẹ má bi Síkírátù. Kò ní sọ fún yín, n ò sì fẹ́ kó sọ.

Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, orúnkún á gbà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ kí Làsísì dáadáa. Ẹ ní ilé ni mo ti máa ṣe ọdún Iléyá, oko Ìkòyí ni mo sì kọ́kọ́ ń bọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìfáwù