Ọkùnrin Tó Fẹ́ Gé Igi Ògùrọ̀ Bàbá Nítorí Àjàrà

Bùọ̀dá Tèmítáyọ̀ mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara gbogbo ará ulé le ní Ìkẹ́rẹ́. Orúnkún Bàbá náà ti ń san.

Ọ̀gbẹ́ni tí ẹ ní kó wá gbin àjàrà ti dé o. Ó ní ká gé igi ògùrọ̀ tó wà ní àkùrọ̀ Bàbá. Àkùrọ̀ kẹ̀! Níbi tí mo ti kàwé ní Faransé, ilẹ̀ olókùúta tí omi kì í dúró sí ni wọ́n ń wá fún àjàrà, irú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ilẹ̀ tó bá a lára mu.

Bàbá bu ògùrọ̀ etí odò fún un, wọ́n tún bu ẹmu ọ̀pẹ orí òkè. Ó tọ́ méjèèjì wò, ó ní, "Ọ̀kan náà ni."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹni tí kò mọ ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu ló fẹ́ pọn wáìnì!"

Ọjọ́ Ajé ló ń mú ayùn bọ̀. Bàbá ò ní bẹ̀ yín. Èmi ń bẹ̀ yín. Ẹ pè é lónìí, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló máa gbọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fi òógùn yín bọ́ òmùgọ̀.

Àbúrò yín,
Àdúràolúwa