Eyín Ni, Kì í Ṣe Ẹ̀yìn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ara gbogbo wa le, àfi eyín mi, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní gbọ̀n, ojú tí o fi ń wò ó kò ní ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù dé. O ní o ti ríṣẹ́, pé ẹ ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń dí “iho eyin”, pé ó ń pa kòkòrò, ó sì ń jẹ́ kí “eyin” tún ara rẹ̀ kọ́. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo rò pé wọ́n já bọ́ lójú ọ̀nà ni, torí ọ̀nà jìn. Mo bá kà á bó ṣe yé mi: ihò ẹ̀yìn. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ihò ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn lo ń dí. Ó gbé ife kalẹ̀, ó ní pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, ṣé bíríkìlà lo wá dà? Bíríkìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́, inú bí i, ó ní kí ló ṣe iṣẹ́ òun. Nígbà tó yá, ó ní kí o bá òun fi àpò kan ránṣẹ́ nínú sìmẹ́ǹtì yẹn, torí òun ò tíì rí ògiri tó ń pa èèrà tó tún ń dí ihò ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ránṣọ ló wá kà á, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní eyín ni, eyín ẹnu. Nígbà tí mo wà ní girama, ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn kì í lè jókòó dáadáa lọ́jọ́ kejì.

Eyín inú mi lápá òsì ti luhò. Dókítà eyín ní kí n wá lọ́jọ́bọ̀ kí òun yọ ọ́. Mo ní ó tì, ọmọ mi ń tún eyín kọ́, a kì í wó ilé tí ọmọ onílé ń bọ̀ wá tún ṣe. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi pè ọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní nǹkan náà kò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni, pé eyín tí wọ́n ti yọ lẹ ṣì fi ń dán an wò, pé ẹ sì ń tọ́ kòkòrò eyín dàgbà nínú abọ́ kí ẹ lè rí ohun tí yóò pa á. Jọ̀ọ́, má jẹun nínú yàrá tí wọ́n wà, kí o sì máa fọwọ́.

Mo ro ó títí. Mi ò lè fi apá òsì jẹ nǹkan kan mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí eyín yìí bá lọ, ó ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eyín tí wọ́n ti yọ lẹ ń wá, kí ló dé tí tèmi kò ní sí níbẹ̀? Mo bá jẹ́ kí dókítà yọ ọ́. Ó fẹ́ jù ú nù, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló wà nínú òwú tí mo fi sínú lẹ́tà yìí. Tèmi ni kí ẹ kọ́kọ́ tún kọ́. Bó bá parí, má fi rán awakọ̀ o. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, màá fẹsẹ̀ ara mi wá gbà á.

Ẹ̀rín kò ní wọ́n lẹ́nu rẹ, eyín tí o ó fi rín in kò sì ní mì.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń fi ahọ́n ṣọ́ àyè eyín rẹ̀.